Ọjọ́ Tí Àǹtí Onígíláàsì Káwọ́ Lérí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú Àǹtí Onígíláàsì, kó má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ojú yẹn kì í ròyìn. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti ń ya àwòrán inú ara èèyàn ní ilé ìwòsàn ńlá kan, nínú yàrá tí wọ́n fi gíláàsì nípọn pín sí méjì: aláìsàn àti ẹ̀rọ lápá kan, òun àti àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ lápá kejì. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà gbà á lẹ́nu wọn, nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé bó bá ń wá ìjà.

Ọkọ yìí, akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn àwàdà ju oúnjẹ lọ, máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ pé ọjọ́ tí òun dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin yìí, òun ò mọ̀ bóyá ó gbà tàbí ó kọ̀. "Mo wojú ẹ̀ títí, àfi bíi pé mò ń wo ògiri. Ìgbà tó wá bá mi jẹun lọ́jọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé mo ti níyàwó." Àǹtí á máa ká aṣọ lọ ní tirẹ̀, bí ẹni pé aládùúgbò ni wọ́n ń bú.

Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀ o. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, fà á sí kọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì sọ fún un pé ẹni tó ń ya àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ rí ikú, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ rí ìyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Dókítà ló ń túmọ̀ àwòrán, dókítà ló sì ń bá ará ilé aláìsàn sọ̀rọ̀. "Àmọ́ wọn ò ní í wo ẹ̀rọ o," bàbá náà ní, ó sì wúkọ́. "Ojú ẹ ni wọ́n máa wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Torí náà, má fi ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀."

Àǹtí gba ẹ̀kọ́ náà, bóyá ó tiẹ̀ gbà á jù. Ó ti rí egungun tó fọ́ yángá. Ó ti rí kókó nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ogún ọdún. Ó ti rí kọ́kọ́rọ́ nínú ikùn ọmọ ọdún méjì, nígbà tí ìyá ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣàlàyé bí òun ṣe wá kọ́kọ́rọ́ náà káàkiri ilé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Ó kàn máa ń fa súwẹ́tà rẹ̀ mọ́ra, nítorí afẹ́fẹ́ tútù inú yàrá yẹn, ẹ̀rọ ni wọ́n rà á fún, wọn ò ro ti èèyàn mọ́ ọn.

Ní oṣù kan ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá àwòrán àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agídí, kò fẹ́ tì mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà kan, ọkùnrin gíga, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tó fi pẹ́ńsù há etí. Gbogbo ọ̀sán ló fi fá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, tó ń kọrin tí kò bá ara wọn mu lábẹ́ ètè. Òun ló dábàá pé kí wọ́n fi gíláàsì kékeré sójú rẹ̀, kí ẹni tó ń wọlé má bàa gbá ẹni tó ń jáde nímú. Nígbà tó parí, ó dúró, ó wo Àǹtí.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣé ẹnì kan ló ṣẹ̀ yín ni, àbí bẹ́ẹ̀ lojú yín ṣe rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí."

"Kí n bá yín fi ìfági fá a díẹ̀? Ó lè rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àǹtí kó tó lè dì í mú. Láti ọjọ́ náà, bí kápẹ́ńtà bá wá tún nǹkan ṣe nílé ìwòsàn, á yọjú sí gíláàsì ilẹ̀kùn, á gbé ìfági sókè, Àǹtí á sì fi ọwọ́ lé e lọ.

Ọjọ́ Tuesday kan ni wọ́n gbé ọkùnrin yìí kan náà dé, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù. Ó ṣubú nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, ẹnu ti wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ sáré tẹ̀lé bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Àǹtí ya àwòrán àkọ́kọ́. Àwòrán náà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì kan ti di ọ̀kan nínú àwọn iṣan ńlá apá òsì ọpọlọ rẹ̀ pa. Ọkàn Àǹtí já, àmọ́ ojú rẹ̀ kò yẹ̀.

Àwọn dókítà ò fi falẹ̀. Wọ́n ti wáyà tó tín-ín-rín ju okùn bàtà lọ bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ìtan, wọ́n tì í gòkè, ó gba àyà, ó gba ọrùn, ó dé inú orí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá ẹ̀jẹ̀ dídì náà mú, tí wọ́n sì fà á jáde. Kí wọ́n lè máa rí ibi tí wáyà dé, wọ́n ń fún omi kan sínú iṣan, omi tó máa ń hàn nínú àwòrán. Omi àwòrán ni gbogbo wọn ń pè é. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, dókítà ọpọlọ, ọ̀dọ́kùnrin tínrín tí kò sẹ́ni tó rí i rí kó jókòó jẹun, jáde síta, ó ní iṣan ti là, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Ìyàwó kápẹ́ńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọkùnrin.

Ó ku àwòrán kan, èyí tí wọ́n máa ń yà kí wọ́n tó gbé aláìsàn lọ sí wọ́ọ̀dù. Àǹtí tẹ bọ́tìnnì. Bẹ́ẹ̀dì wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kùn, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà. Lápá òsì, nísàlẹ̀ ọpọlọ, funfun kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó ẹyin. Nínú irú àwòrán yìí, ẹ̀jẹ̀ tó bá tú sínú ọpọlọ, funfun ló máa ń jẹ́. Ohun tó sì kọ́kọ́ wá sọ́kàn Àǹtí ni ọkùnrin tó ń gbé ìfági sókè lójú gíláàsì. Ó káwọ́ lérí. Ọwọ́ méjèèjì ni o, bí ìgbà tí wọ́n bá túfọ̀ fún èèyàn.

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Kí ọwọ́ náà tó balẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún ti padà sí i lágbárí. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ a máa funfun. Àmọ́ omi àwòrán náà a máa funfun, bó bá jò díẹ̀ sínú ọpọlọ tí ìyà ti jẹ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Dókítà pè é lórí fóònù láìpẹ́.

"Àǹtí, mo ti rí i. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ omi àwòrán. Ẹ bá mi tún un yà lọ́la láago mẹ́wàá. Ti ọ̀la ló máa sọ̀rọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Àwòrán ọjọ́ kejì ni wọ́n gbójú lé. Bó bá jẹ́ omi àwòrán, ara á ti fọ̀ ọ́ sínú ìtọ̀ kó tó di ọjọ́ kejì, funfun náà á sì pòórá. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀, á ṣì jókòó síbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwòrán ọjọ́ kejì ló ń fi hàn bí ibi tó kú nínú ọpọlọ ṣe tóbi tó, àti bóyá ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì wà. Òun ni dókítà fi ń mọ ẹni tó ṣeé ṣe kó tún dìde, òun náà ni wọ́n fi ń yan ẹni tó máa lọ sí wọ́ọ̀dù ìkọ́rìn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ aláìsàn láti tún máa rìn, tí bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ò sì ju mẹ́jọ lọ. Àǹtí kọ orúkọ kápẹ́ńtà sílẹ̀ fún aago mẹ́wàá, ó relé. Nígbà tó káwọ́ lérí yẹn, kò bojú wẹ̀yìn wo gíláàsì ilẹ̀kùn rárá, kò sì mọ̀ pé ìyàwó kápẹ́ńtà ti fi iwájú orí lé e látìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ ku díẹ̀, Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ni nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù yọrí wọlé.

"Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ múra de kápẹ́ńtà mọ́ o. Àwọn èèyàn ẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sílé."

"Gbé e lọ ṣe kí ni? Aago mẹ́wàá ló ní àwòrán!"

"Wọ́n ní àwọn ò ya nǹkan kan mọ́. Dókítà ṣàlàyé títí lánàá, wọ́n ní ó ń tan àwọn ni. Ìyàwó ẹ̀ ní ojú òun ló ṣe. Ó ní ẹni tó ya àwòrán gan-an, ó káwọ́ lérí."

Gbogbo ọjọ́ ayé Àǹtí nínú iṣẹ́ yìí, kò sọ ohun tí kò yẹ kó sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọwọ́ rẹ̀ ló wá bá a sọ ọ́. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, àmọ́ èyí tó ká a lára jù ni pé ọkùnrin yẹn lè lọ kú sílé nígbà tí kò tíì yẹ kó kúrò nílé ìwòsàn, nítorí ohun tí òun fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣe.

Ó lọ bá ọ̀gá yàrá àwòrán, ọkùnrin kan tó mọ òfin ju orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ó jẹ́wọ́ fún un. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ ò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀. Òfin ni. Dókítà ló ń bá ará ilé aláìsàn sọ̀rọ̀ nípa àwòrán."

"Níbo ni dókítà wà?"

"Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì ẹlòmíì lọ́wọ́. Ó lè tó aago mọ́kànlá kó tó jáde."

"Mọ́tò wọn ti wà níta, sà."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, màá fún dókítà tó bá jáde."

Àǹtí wò ó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí kì í sì í ṣe tara òun nìkan. Ó bọ́ aṣọ olójé tó fi ń dènà ìtànṣán ẹ̀rọ kúrò lọ́rùn, ó gbé e kọ́. "Ẹ máa kọ ìwé ẹ̀sùn yín lọ, sà. Tí mo bá dé, màá bá yín buwọ́ lù ú." Ó sì kọrí sí wọ́ọ̀dù.

Kápẹ́ńtà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ là ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń wò. Wọ́n ti di ẹrù rẹ̀. Ìyàwó jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kápẹ́ńtà ọkùnrin, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, dúró ṣánṣán pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ó ń wá ibi tó máa buwọ́ lù lára ìwé tó sọ pé àwọn fúnra wọn ló fẹ́ gbé aláìsàn lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹni burúkú kọ́ ni, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn.

"Ẹ káàárọ̀ o," Àǹtí ní. "Èmi ni mo ya àwòrán àná."

Ìyàwó gbójú sókè. "Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ káwọ́ lérí."

"Èmi ni."

"Ẹ ṣé, ìyá mi," ẹ̀gbọ́n ní. "Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún wa. Àwọn yòókù ń fi ẹnu dídùn tàn wá ni. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi láàárín àwọn èèyàn ẹ̀."

Ọpẹ́ yẹn dun Àǹtí ju èébú lọ. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ òótọ́ fún yín. Ọwọ́ mi ló ṣáájú làákàyè mi. Mo rí nǹkan funfun, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, torí mo mọ ọkọ ìyáàfin yìí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Òun ló tún ilẹ̀kùn mi ṣe. Àmọ́ omi tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn, òun náà máa ń funfun báyẹn. Tó bá jẹ́ omi yẹn ni, á ti lọ lónìí."

"Ṣé ẹ wá ń sọ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀!"

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Dókítà pàápàá ò mọ̀. Àwòrán òní ló mọ̀, a ò sì tíì yà á."

Ẹ̀gbọ́n náà mí kanlẹ̀. "Ṣé ká tún máa dá a lóró ni? Ẹni tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé kó wá di ẹni tí wọ́n ń nu itọ́ lẹ́nu fún? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo mọ àbúrò mi. Mo mọ ohun tó máa fẹ́."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yíyà á. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, èmi fúnra mi máa bá yín ti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ dé ìdí mọ́tò."

Ẹ̀gbọ́n náà mi orí rẹ̀, ó tún gbé bírò sókè. Ìgbà náà ni ìyàwó dìde níbi tó jókòó sí, tó sì kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, mi ò ta kò yín rí. Ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín lónìí."

"Dìde, ìyàwó."

"Mi ò ní í dìde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á. Ojú èèyàn ni mo wò lánàá. Orí ọkọ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n wò lónìí."

"Mo ní kó o dìde."

"Mi ò dìde, sà. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e kọjá, orí mi lẹ máa gbé e gbà." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó kún fún ọ̀wọ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀ bó ṣe yẹ kí orí ìyàwó ilé tẹ̀ níwájú àgbà. Àmọ́ ó ti fi àáké kọ́rí. Kò sí ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn tí kò rí i pé odò ló máa kọ́kọ́ gbẹ kí obìnrin yìí tó sún.

Ẹ̀gbọ́n wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Ìgbà tó bá di aago mẹ́wàá ààbọ̀, mo ti gbé àbúrò mi lọ."

Wọ́n tì í lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọ̀gá yàrá àwòrán ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí rò pé ó fẹ́ dí òun lọ́nà ni. Àmọ́ ọ̀gá di abala aṣọ tí kápẹ́ńtà sùn lé mú, òun àti nọ́ọ̀sì sì jọ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ. Àǹtí bẹ ìyàwó pé kó lọ jókòó jìnnà. "Ẹ má wo èmi o. Dókítà lẹ máa wojú ẹ̀." Ó lọ jókòó sídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

Ìka rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Á jẹ́ pé òun ti pa obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ méjì. Ó fa súwẹ́tà mọ́ra, ó jókòó lé ọwọ́ òsì rẹ̀ kó má bàa tún lọ síbi tí wọn ò rán an, ó sì fi ọ̀tún tẹ bọ́tìnnì.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ìsàlẹ̀ orí lọ sókè. Ó dé ibi ti àná. Funfun náà ti lọ. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó tún gbé àwòrán àná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti lọ. Ibi tó kú hàn gbangba báyìí, dúdú díẹ̀, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Ọ̀gá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ mí ìmí ìtura, ó ní, "Ẹ pe dókítà. Ẹ ní mo ní kó sáré."

Dókítà dé pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ abẹ lórí. Ó yẹ àwòrán wò síwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló kó àwọn ará ilé sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó ní ibi tó kú kò pọ̀, àti pé ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ọwọ́ ọ̀tún farapa, ṣùgbọ́n kò já.

"Ṣé á tún lè di ayùn mú?" ìyàwó bi í.

"Nínú èèyàn mẹ́wàá tí àwòrán ọjọ́ kejì wọn rí báyìí, méje ló máa ń fi ọwọ́ yẹn di nǹkan mú láàárín oṣù mẹ́ta. Mẹ́ta kì í lè ṣe é. Mi ò lè sọ pé tiyín máa wà nínú méje, mi ò fẹ́ purọ́ fún yín."

"Ẹ ní méje?"

"Méje."

"Dókítà, ká ní ẹyọ kan lẹ pè, màá gbà á lọ́wọ́ yín, màá sì lọ fi ṣiṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ti kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀, ó fa ìwé tó fẹ́ buwọ́ lù ya sí mẹ́rin, ó sì yára jáde lọ pe ẹnì kan lórí fóònù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé kápẹ́ńtà lọ sí wọ́ọ̀dù ìkọ́rìn, bẹ́ẹ̀dì keje.

Ọ̀gá yàrá àwòrán kọ ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ lóòótọ́, òfin ni òfin ń jẹ́. Wọ́n ní kí Àǹtí ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìlà méjì ló kọ: "Mo káwọ́ lérí, ìyẹn ò dáa. Mo lọ tún un ṣe, mi ò sì kábàámọ̀ ìyẹn." Wọ́n yọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kó lọ máa to fáìlì. Ọkọ rẹ̀ ní àwọn fáìlì náà á gbádùn ojú rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán ọ̀sẹ̀ méjèèjì, kó tó relé, ó máa ń gba ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù ìkọ́rìn kọjá. Níbẹ̀ ló ti ń rí ìyàwó kápẹ́ńtà tó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, tó fi bọ́ọ̀lù àkísà sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ń pa àwọn ìka náà dé lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó tún ń ṣí wọn. "Ẹ fún un pọ̀. Ẹ fún un, Bàbá ọmọ mi. Ẹ tún fún un." Bọ́ọ̀lù á jábọ́, á mú un nílẹ̀, á tún fi sí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀gbọ́n ni Àǹtí bá níbẹ̀, tíṣà àgbà, tó ń fi ohùn kíláàsì sọ pé, "Lẹ́ẹ̀kan sí i! Mi ò tíì rí nǹkan kan!"

Oṣù mẹ́ta pé. Kápẹ́ńtà ní àwòrán láti yà, kí dókítà lè fi wéra. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ọ̀pá lọ́wọ́ òsì, ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yọ ìṣó. Nígbà tí wọ́n yà á tán, ó kọ̀, kò dìde lọ. Ó ní òun ní... ẹjọ́... láti rò.

Ó ní nígbà tí wọ́n dá òun sílẹ̀ lọ sílé, ibi iṣẹ́ òun ni òun ti kọ́kọ́ yà. Òun bá pákó gígùn mẹ́rin níbẹ̀ tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti fá, tí wọ́n fi ti ògiri. Pákó òun tó dáa jù ni. Òun bi àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ pé ta ló gbéṣẹ́ wá. Gbogbo wọn ń wolẹ̀. Òun wo gígùn rẹ̀, òun wo fífẹ̀ rẹ̀, òun ò sì béèrè mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni òun ti ń kan pósí fún èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n ló pè wọ́n pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì pè wọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ dúró," ìyàwó fi kún un jẹ́jẹ́. "Kápẹ́ńtà ò gbọdọ̀ sùn sínú èyí tí wọ́n rà. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló máa ń kàn án, pẹ̀lú pákó tiẹ̀."

"Mo ní... kí wọ́n... wọ̀n mí," kápẹ́ńtà ní. Ẹ̀rín ti ń gbé e. "Ó fi... íńṣì méjì... kúrú! Wọ́n... fẹ́ ká mi... lórúnkún!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ní kí wọ́n gbé ayùn wá, òun fi ọwọ́ òsì gé e, òun fi ti ọ̀tún di pákó mú kó má yẹ̀. Ó gba òun ní odindi ọjọ́ méjì. Àga gígùn ló dà báyìí, àwọn oníbàárà ń jókòó lé e.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. "Aago mélòó ni ẹ̀gbọ́n pè wọ́n?"

"Àárọ̀ yẹn," ìyàwó ní. "Kò tíì tó aago méje. Ìgbà tí ẹ fi dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti ń fá ìkẹrin."

Àǹtí Onígíláàsì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ, níbi tí àwọn aláìsàn máa ń sùn sí, ó sì bú sẹ́kún. Kò bo ojú. Ó sunkún bí ọmọdé, ẹnu ní yíyà, níwájú wọn. Kápẹ́ńtà dá ẹ̀rín dúró. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún ìyàwó, ó gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó gbé e lé èjìká obìnrin náà. Àwọn ìka náà kò tíì nà tán, síbẹ̀ wọ́n di aṣọ rẹ̀ mú, wọn ò sì jù ú sílẹ̀.